Irin inú tiransifọ́mà ń jẹ iná: bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà tí òòfà ń gbà nínú rẹ̀

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ọlọ́jà ti lọ sílé, tí ọkọ̀ ò kọjá mọ́, ohun kan wà tí àdúgbò tó bá ní iná máa ń gbọ́: tiransifọ́mà tó ń kùn yùn-ùn bí ilé oyin. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wáyà ló ń kùn, àwọn míì ní epo inú rẹ̀ ló ń hó. Irin gan-an ló ń dún. Láàárín wáyà àti epo yẹn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀ tí wọ́n tò léra bí ìwé. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń yí lọ yí bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn páànù náà sì ń bá a yí: wọ́n á di òòfà, wọ́n á yí orí padà, wọ́n á tún di òòfà. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, irin á fi ìwọ̀n kín-ún tí ojú ò lè rí gùn sí i, á sì tún súnkì. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn nínú yíyí kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ì bá dáa tó bá jẹ́ ariwo nìkan ni. Irin yẹn ń jẹ iná pẹ̀lú. Bóyá àdúgbò tan gílóòbù o, bóyá gbogbo wọn ti sùn o, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti dé orí tiransifọ́mà, irin inú rẹ̀ ń jẹ tirẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. (Níbi tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irin náà ń sinmi, ìsinmi tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.) Bí iná tó ń jẹ yìí ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ irú irin tí wọ́n lò àti bó ṣe fẹ́lẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó tún wà lọ́wọ́ ohun kan tí èèyàn ò sábà ronú kàn: ìhà tí páànù náà kọ sí nígbà tí wọ́n gé e.

Ẹni tó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi ní ọ̀nà tó ń gbà là. Tí àáké bá tẹ̀ lé ìlà igi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti là. Tí èèyàn bá dá igi náà dábùú, tó ń gé e lódì sí ìlà rẹ̀, yóò làágùn. Bí páànù tiransifọ́mà ṣe rí pẹ̀lú òòfà nìyẹn. Ní ìhà kan, agbára òòfà á gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìhà míì, àfi kí wọ́n fi iná púpọ̀ tì í, iná tí wọ́n fi tì í yẹn á di ooru, ooru á wọ inú epo, ó parí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí igi ni pé ìlà igi hàn sí ojú. Páànù irin dán láti òkè délẹ̀, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè tọ́ka sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ni.

<b>Hóró súgà kan tó láti ṣàlàyé rẹ̀</b>

Irin yìí kì í ṣe irin lásán. Wọ́n ń po sílíkọ́nì mọ́ ọn, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Robert Hadfield, ará Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé sílíkọ́nì ń dín iná tí irin ń jẹ kù. Kò ṣeé bù sí i bó ṣe wuni ṣá o, torí tó bá pọ̀ jù, irin náà á máa fọ́ bí àwo tánganran. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó tán, wọ́n á máa tì í gba àárín òpó irin ńlá méjì tó ń yí, bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń ti ìyẹ̀fun pípò gba inú ẹ̀rọ, títí yóò fi fẹ́lẹ́. Nínú tiransifọ́mà tó dáa, páànù kan lè má nípọn ju 0.23 mìlímítà lọ. Èyí tó wà nínú mọ́tò fáànù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi sábà máa ń nípọn tó 0.50. Ọ̀nà tí páànù náà gbà jáde láàárín òpó méjèèjì yẹn, tó fi gùn lọ gbọọrọ, ni ìhà ìfàgùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka igun.

Inú irin kún fún hóró wẹ́wẹ́, bí iyọ̀. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, àwọn átọ́ọ̀mù to ara wọn lọ́nà onígun mẹ́rin gẹ́lẹ́ bíi hóró súgà Sẹ́ǹtì Lúìsì. Ẹ mú hóró súgà kan sọ́wọ́. Èèyàn lè tẹ̀ lé etí rẹ̀ lọ tààrà. Ó lè dá ojú rẹ̀ kan kọjá, láti igun dé igun. Ó sì lè wọ inú rẹ̀ lọ, láti igun òkè lápá kan títí dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì. Lọ́dún 1926, Kotaro Honda àti Seiji Kaya ní ìlú Sendai, nílẹ̀ Japan, wọn àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú irin tó jẹ́ hóró ńlá kan ṣoṣo. Etí ló rọrùn jù fún òòfà. Dídá ojú kọjá ló tẹ̀ lé e. Gbígba àárín kọjá ló le jù lọ.

Tí àwọn hóró inú páànù bá kọjú síbi tó wu olúkúlùkù wọn, bí èrò ọjà, gbogbo ìhà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì ní sí ìhà kan tó dáa gan-an. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Norman Goss ló rí ọgbọ́n tó fi mú kí wọ́n tò. Ó ń fẹ irin náà nígbà tó tutù, ó ń dá a padà sínú iléru, ó tún ń fẹ̀ ẹ́. Ọdún 1934 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Nínú irin Goss, etí àwọn hóró náà ló kọjú sí ìhà ìfàgùn, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà ní àárọ̀. Wọ́n ń ṣẹ́ kọ́rọ́ díẹ̀ ṣá, bí àwọn ọmọ iléèwé náà ṣe ń ṣe: ní ìpíndọ́gba, bíi digíríì méje. Lọ́dún 1968, wọ́n mú irú rẹ̀ tuntun jáde ní Japan tó jẹ́ pé bíi digíríì mẹ́ta péré ló fi ń ṣẹ́ kọ́rọ́. Digíríì mẹ́rin tí wọ́n gbà padà yẹn kò tó bí ọwọ́ gígùn aago ṣe ń rìn láàárín ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, òun ló ya irin olówó ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wọ́pọ̀ títí dòní.

<b>Férémù tí wọ́n ti ń lò láti 1900</b>

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ̀? Ọ̀nà tó lókìkí jù ni èyí tí Josef Epstein gbé kalẹ̀ nílẹ̀ Jámánì lọ́dún 1900. Wọ́n á gé páànù náà sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ rí bíi rúlà ọmọ iléèwé: 30 mìlímítà ní ìbú, nǹkan bíi 300 ní gígùn. Férémù Epstein fúnra rẹ̀ jẹ́ apá mẹ́rin tó so pọ̀ bíi férémù àwòrán. Inú àwọn apá náà ṣófo, wáyà sì wé mọ́ wọn. Wọ́n á ki àwọn ọ̀já irin bọ inú rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́n á jẹ́ kí wọ́n máa gun orí ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹni ń hun ẹní.

Wáyà méjì ló wà lára férémù náà. Àkọ́kọ́, tó yí po ní ìgbà 700, ló ń sọ irin di òòfà. Èkejì, òun náà ní ìyípo 700, ló ń gbọ́ ohun tí irin fi dáhùn. Wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń ka wáàtì mọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ náà á sọ iye iná tí irin jẹ, wọ́n á sì pín in láàárín ìwọ̀n irin tó wà níbẹ̀. Ohun tó jáde ni iye wáàtì tí kílò irin kan ń jẹ.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Gígé nìkan ti ń ba irin lára jẹ́, torí etí tí ọ̀bẹ gbà kọjá á há, òòfà ò sì ní rọ́nà gbà níbẹ̀ mọ́ dáadáa. Nítorí náà, wọ́n ń dá àwọn ọ̀já irin Goss padà sínú iléru tó gbóná tó bíi 800 digíríì kí ara wọn tó rọ̀. Ìlànà àgbáyé sì ní ọ̀bẹ tó gé wọn kò gbọdọ̀ fi ju digíríì kan yẹ̀ kúrò lójú ìhà ìfàgùn. Tó bá yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó gé e ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe irin mọ́.

Àdéhùn tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí èèyàn mọ̀. Láti ṣírò agbára òòfà, ó di dandan kí wọ́n mọ bí ọ̀nà tí òòfà ń rìn nínú férémù náà ṣe gùn tó. Igun mẹ́rin tí irin ti gun ara wọn kò jẹ́ kí ìyẹn ṣeé fi tépù wọ̀n. Gbogbo ayé wá fẹnu kò sí 0.94 mítà. Ẹ̀rọ míì wà tó ń wọn odindi páànù láìgé e sí ọ̀já. Páànù tó gùn tó 500 mìlímítà ni wọ́n ń gbé sáàárín rẹ̀. Èsì ẹ̀rọ yìí àti ti férémù Epstein kì í sábà bára mu lórí irin kan náà. Ẹni tó bá ń fi irin ilé iṣẹ́ kan wé ti òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n lò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá mọ ọjà ṣe ń wo bí kóńgò ṣe tóbi tó kó tó ná gààrí.

<b>Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè fi nǹkan pamọ́</b>

Lára páànù tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò, èèyàn lè rí àkọlé bíi M400-50A. 50 ń sọ pé ó nípọn 0.50 mìlímítà. 400 ń sọ pé kílò kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì 4.00 lọ, tí wọ́n bá sọ ọ́ di òòfà dé 1.5 tesla pẹ̀lú iná tó ń yí ní ìgbà 50. Irin mọ́tò kì í ṣe irin Goss. Nínú mọ́tò, òòfà ń yí kiri, kò dúró sí ìhà kan, torí náà irin tí gbogbo ìhà rẹ̀ súnmọ́ra ni wọ́n ń wá.

Ó súnmọ́ra lóòótọ́, kò dọ́gba. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn irú irin bẹ́ẹ̀ ni pé ìlàjì ọ̀já ni wọ́n ń gé ní ìhà ìfàgùn, ìlàjì ní ìdábùú rẹ̀, tí wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú férémù kan ṣoṣo. Nọ́ńbà tó bá jáde, ìpíndọ́gba ni. Bí ìyá kan bá ní àwọn ọmọ òun méjèèjì jẹ òkèlè ogún, ogún, ní ìpíndọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jẹ ọgbọ̀n kí èkejì sì jẹ mẹ́wàá. Bákan náà ni irin tó jẹ wáàtì 3.6 ní ìhà kan àti 4.4 ní ìhà kejì ṣe lè gba nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú irin tó jẹ 4.0 ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó ń ra páànù láti ṣe fáànù lè má kọbi ara sí ìyẹn. Ẹni tó ń ṣe mọ́tò ńlá, tó fẹ́ mọ apá ibi tí ooru máa pọ̀ sí, kò lè gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ irin Goss ló wá yani lẹ́nu jù. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bi léèrè ibi tó burú jù nínú páànù náà, ìdábùú ló máa dárúkọ, ìyẹn digíríì 90 sí ìhà ìfàgùn. Ìdábùú burú lóòótọ́. Iná tí irin ń jẹ níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ìhà ìfàgùn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni òòfà ti le jù láti tì.

Ẹ padà sórí hóró súgà yẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ là á láti etí òkè kan lọ sí etí ìsàlẹ̀ tó wà ní òdìkejì rẹ̀, kó pín sí méjì bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́rẹ́. Ojú tuntun tó yọ níbi tí ọ̀bẹ gbà kọjá yẹn ni ojú páànù irin Goss. Apá tó kúrú lára rẹ̀ jẹ́ etí súgà: ìhà ìfàgùn nìyẹn, níbi tí ó ti rọrùn jù. Apá tó gùn jẹ́ ọ̀nà tó dá ojú súgà kọjá: ìdábùú nìyẹn. Tí èèyàn bá wá fa ìlà láti igun kan ojú tuntun yìí dé igun kejì, ìlà náà ni ọ̀nà tó gba àárín súgà kọjá, èyí tí Honda àti Kaya rí pé ó le jù. Igun tó wà láàárín ìlà yẹn àti ìhà ìfàgùn jẹ́ digíríì 54.7. Kò sí ní 0, kò sí ní 90. Ẹni tó bá wọn méjèèjì yẹn tán tó ti férémù rẹ̀ pa, kò tíì débi tó le jù nínú irin náà.

Fún ìdí èyí, tí wọ́n bá fẹ́ mọ irin kan dénú, wọ́n ń gé ọ̀já rẹ̀ ní oríṣiríṣi igun, bóyá ní gbogbo digíríì mẹ́wàá mẹ́wàá, láti 0 títí dé 90, wọ́n á sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ àkókò. Ọ̀nà àtijọ́ kan tún wà tó rọrùn láti fojú inú rí: wọ́n á gé páànù náà róbótó bí owó ẹyọ, wọ́n á fi okùn tín-ín-rín gbé e kọ́ sáàárín òòfà ńlá. Fúnra rẹ̀ ló máa yí títí ọ̀nà tó rọrùn fún un yóò fi kọjú sí òòfà náà. Agbára tí wọ́n bá lò láti dì í mú ní igun kọ̀ọ̀kan kó má yí, òun ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ibì kan wà nínú tiransifọ́mà tí kò sí igun kankan tó tọ́ níbẹ̀. Tiransifọ́mà tó ń gbé fésì mẹ́ta ní òpó irin mẹ́ta lóòró. Níbi tí òpó àárín ti pàdé irin òkè, òòfà kì í lọ bọ̀, ńṣe ló ń yí po. Láti wọn ìyẹn, wọ́n ń fi òòfà ta páànù kan láti ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí agbára náà lè máa yí. Àwọn yàrá ìwádìí ní Cardiff nílẹ̀ Wales àti ní Braunschweig nílẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn yàrá ìwádìí mélòó kan ní Yúróòpù wọn irú páànù kan náà lọ́nà yìí, èsì wọn sì jìnnà síra. Àwọn onímọ̀ náà tún bá ohun kan pàdé tó yà wọ́n lẹ́nu: tí òòfà bá yí sọ́tùn-ún, nọ́ńbà tó jáde lè yàtọ̀ sí ìgbà tó bá yí sósì, lórí páànù kan náà, lórí tábìlì kan náà.

<b>Mélòó ló ń ná wa?</b>

Lọ́dún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin lórí iná tí tiransifọ́mà tuntun lè máa jẹ nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Fún oríṣi tó jẹ́ 400 kVA, irú tó lè bọ́ àdúgbò kan, òfin náà ní kó má ju wáàtì 430 lọ láti July 2015. Láti July 2021, wọ́n já a sí 387. Wáàtì 43 tó wà láàárín méjèèjì kò tó gílóòbù àtijọ́ kan. Ṣùgbọ́n gílóòbù tí wọn kì í pa ni. Láàárín ọdún kan, ó ti di yúníìtì 377. Tí tiransifọ́mà náà bá lo ọgbọ̀n ọdún lórí iná, ó ti lé ní 11,000 yúníìtì, lórí tiransifọ́mà kan ṣoṣo. Irin tí hóró rẹ̀ tò dáadáa, tí wọ́n sì gé síbi tó yẹ, wà lára ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń lé nọ́ńbà yẹn bá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ti dá owó jọ ra tiransifọ́mà fúnra wọn, tàbí kí wọ́n dá owó tún èyí tó jó ṣe. Níbi àtúnṣe gan-an ni ọ̀rọ̀ ìhà yìí ti máa ń wọlé. Kí wọ́n tó lè wé wáyà tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ tú àwọn páànù òkè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tò wọ́n padà. Àwọn tó ṣe é níbẹ̀rẹ̀ gé orí páànù náà ní digíríì 45, bí káfíńtà ṣe ń gé igun férémù ilẹ̀kùn, kí òòfà lè yà láti inú irin òòró bọ́ sínú irin òkè láìrìn ní ìdábùú. Tí wọ́n bá tò ó padà tí àlàfo wà níbi tí orí méjèèjì ti pàdé, tàbí tí wọ́n fi òòlù lu páànù kó lè wọlé, tàbí tí wọ́n fi páànù tí wọ́n gé ní ìhà mìíràn rọ́pò èyí tó bàjẹ́, tiransifọ́mà náà á ṣiṣẹ́. Iná á tàn, àdúgbò á jó. Ariwo rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ara rẹ̀ lè máa gbóná lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé irin ló ń fà á.

Ó ṣeé mọ̀, láìgé irin kankan. Onímọ̀ ẹ̀rọ á fi iná 415 sí apá fóltéèjì kékeré, á fi apá 11,000 sílẹ̀ láìso ó mọ́ ohunkóhun, á sì ka wáàtì tó ń wọlé. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lo iná náà níbòmíràn, ohun tí irin ń jẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn lásán ń dán wò o, torí apá tí wọn ò so mọ́ nǹkan yẹn ti gbé 11,000 fóltì dání. Lórí ìwé tó bá tiransifọ́mà tuntun wá, No-Load Loss ni wọ́n ń kọ síwájú nọ́ńbà yẹn. Àdúgbò tó bá tọ́jú ìwé náà lè ní kí wọ́n tún un kà lójú wọn lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n tó san owó tó kù.